Ṣé poro kan ṣoṣo ló yí ínsúlà ká, àbí mẹ́ta?

Ọmọ Kétu béèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo kí yín o. Ọmọ Kétu ni mí, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn ló gbé mi wá sí Àjàṣẹ́, anátómì ọpọlọ ni wọ́n sì ń kọ́ wa lọ́wọ́ báyìí. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń ronú nígbà tí mo bá ń ka ìwé mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa pe «sillon» ní poro, kí n sì máa pe «gyrus» ní ebè.

Ohun tí ó rú mi lójú nìyí. Olùkọ́ wa sọ pé ínsúlà ni apá ọpọlọ tí ó sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ poro Sylvius, àti pé «sillon circulaire» ni ó yí i ká. Bí mo ti gbọ́ «circulaire», mo fa ìlà róbótó kan sínú ìwé mi. Nígbà tí mo wá ṣí ìwé àwòrán tí ó wà ní ilé ìkàwé, ohun tí mo bá níbẹ̀ kò róbótó rárá. Onígun mẹ́ta ni, poro mẹ́ta ni wọ́n sì kọ orúkọ sí lára: ti iwájú, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?

Èkejì, wọ́n ní «sillon central» kan wà lára ínsúlà fúnra rẹ̀. Ti Rolando, tí ó wà láàárín ìpín iwájú orí àti ìpín àtàrí, ni èmi mọ̀ sí orúkọ yẹn. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n, tí ó kàn rì wọ inú lọ, àbí orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́?

Ẹ̀kẹta ni ó ni mí lára jù. Wọ́n fi àwòrán skánà hàn wá, wọ́n ní kí á tọ́ka sí ínsúlà. Gbogbo ohun tí mo rí ni àlàfo dúdú kan ní ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, ẹran aláwọ̀ eérú sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ibi tí ínsúlà parí sí, àti ibi tí ìpín ẹ̀bátí ti bẹ̀rẹ̀? Ọpọlọ oníke tí a ń lò fún TP, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe, kò ṣeé ṣí ní ibẹ̀ yẹn, nítorí náà n kò rí ohun tí mo lè fi ọwọ́ kàn. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Olùkọ́ Anátómì, Àjàṣẹ́, dáhùn:

Àbúrò mi, o kú ìtara. Ọ̀pọ̀ ni ó ti há orúkọ poro yìí sórí tí wọ́n sì fi yege ìdánwò láìjẹ́ pé wọ́n fojú inú rí i rí, nítorí náà má ṣe rò pé ìwọ nìkan ni ó rú lójú.

Jẹ́ kí á kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná. Kà á sí pé ọpọlọ gidi ni ó wà lọ́wọ́ rẹ, tí o kọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì sí ara rẹ. Poro tí ó jìn jù lọ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, tí ó ti ìsàlẹ̀ níwájú bẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́yìn, ni ti Sylvius, tí a sọ ní orúkọ Franciscus Sylvius, oníṣègùn tí ó kọ́ni ní ìlú Leiden, tí ó sì kú ní ọdún 1672. Níwájú, poro yìí ya ẹ̀ka kéékèèké méjì wọ inú ìpín iwájú orí, ọ̀kan dùbúlẹ̀, ìkejì dúró, ẹran onígun mẹ́ta tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì sì ni wọ́n ń pè ní «pars triangularis». Ẹ̀ka kẹta ni ó gùn jù, òun ni ó lọ sẹ́yìn láti pín ìpín ẹ̀bátí níyà kúrò lára ìpín iwájú orí àti ìpín àtàrí tí ó wà lókè rẹ̀.

Wàyí o, ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ẹran onígun mẹ́ta yẹn ni kí o wá. Ibẹ̀ ni poro Sylvius ti máa ń fẹ̀ díẹ̀. Ti àtàǹpàkò rẹ bọ ibẹ̀, kí o fi ìka yòókù fa ìpín ẹ̀bátí sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ètè méjèèjì ti ń là, ìwọ yóò rí i pé poro náà kò parí sí ìlà tóóró kan bí àwọn poro yòókù. Ó fẹ̀ sínú, ó di yàrá, ilẹ̀ yàrá náà sì wú wá sókè sí ọ. Ó ní ebè tirẹ̀, ó ní poro tirẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó nípọn sì dùbúlẹ̀ sínú àwọn poro náà. Ínsúlà nìyẹn. Àwọn ètè tí o là ni a ń pè ní ìdérí. Ìdérí ti iwájú orí àti ti àtàrí bò ó láti òkè, ti ẹ̀bátí bò ó láti ìsàlẹ̀, apá ìpín iwájú orí tí ó jókòó sórí ihò ẹyinjú sì bò ó láti iwájú.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìdérí yìí ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ kìn-ín-ní wà. Èèpo ọpọlọ kì í já níbì kankan níbẹ̀. Ó ti òde wá, ó yí etí ìdérí po, ó gba inú ìdérí wọlé lọ títí ó fi kan ògiri, níbẹ̀ ni yóò ti tún ṣẹ́ po láti di ojú ínsúlà. Ibi tí ó ti ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀kejì yìí ni poro àyíká. Níwọ̀n bí ìdérí ti wà lókè, nísàlẹ̀ àti níwájú, ibi ìṣẹ́po náà di mẹ́ta: poro òkè tí ó gùn jù lọ, poro ìsàlẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, àti poro iwájú tí ó kúrú jù. Ìwé rẹ méjèèjì kò takora. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ nípa gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, èkejì kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí orúkọ «circulaire» ń fi pamọ́, òun sì ni mo fẹ́ kí o mú dání. Poro iwájú àti poro òkè pàdé ní igun kan. Poro òkè àti poro ìsàlẹ̀ pàdé lẹ́yìn ní igun kejì. Ní igun kẹta, nísàlẹ̀ níwájú, poro iwájú àti poro ìsàlẹ̀ kò pàdé. Ọmọ Kétu ni ọ́, o mọ yàrà tí àwọn baba yín gbẹ́ yí ìlú ká, o sì mọ Akaba Ìdènà, ẹnu ibodè tí wọ́n ń gbà wọlé. Irú ẹnu ibodè bẹ́ẹ̀ ni igun kẹta yìí, limen sì ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀, èèpo ínsúlà rọra dàpọ̀ mọ́ agbègbè tí ó jẹ mọ́ òórùn nísàlẹ̀ ọpọlọ láìsí poro kankan láàárín wọn. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni okùn funfun kan tí ó tẹ̀ kọdọrọ, «faisceau unciné», ti kọjá láti so ìpín iwájú orí mọ́ ìpín ẹ̀bátí. Bí èmi ni mo bá ń ṣe ìdánwò fún yín, ẹni tí ó bá ya onígun mẹ́ta tí igun kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni màá fún ní máàkì, n kò ní fún ẹni tí ó bá ya òdo.

Orúkọ Johann Christian Reil, oníṣègùn ará Jámánì tí ó kú ní ọdún 1813, ni wọ́n fi ń pe erékùṣù inú ọpọlọ yìí (erékùṣù ni ìtumọ̀ «insula») nínú àwọn ìwé àtijọ́, nítorí náà bí o bá rí «insula de Reil» tàbí «sillon circulaire de Reil», ohun kan náà ni.

Ní ti ìbéèrè kejì, poro ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti Rolando wà lójú òde, ti ínsúlà wà nínú, ìdérí sì wà láàárín wọn. Síbẹ̀ kì í ṣe pé wọ́n kàn jọ ń jẹ́ orúkọ lásán. Bí o bá fi ojú tọ ti Rolando wá sísàlẹ̀, tí o sì jẹ́ kí ojú rẹ la ìdérí kọjá, nǹkan bí ìlà kan náà ni yóò gbé ọ dé orí ti ínsúlà. Ti ínsúlà bẹ̀rẹ̀ láti ara poro òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ síwájú, ó sì dorí kọ limen. Ó pín ínsúlà sí apá iwájú tí ó tóbi àti apá ẹ̀yìn tí ó kéré. Ebè kúkúrú mẹ́ta ni ó wà ní apá iwájú, ebè gígùn méjì ni ó wà ní apá ẹ̀yìn. Àwọn ebè kúkúrú ń súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé ni ó yọrí síta jù lọ lára ínsúlà, ibẹ̀ sì ni àtàǹpàkò rẹ kọ́kọ́ kàn nígbà tí o tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè kẹta, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń fi ojoojúmọ́ wo àwòrán.

Ayàwòrán Inú Ara dáhùn:

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá. Iṣẹ́ skánà ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gba ti ẹ̀kẹta.

Àbúrò, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má ṣe wá ínsúlà láti òde wọlé. Láti òde, ìdérí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ bá, ìdérí àti ínsúlà sì jọ ní àwọ̀ eérú kan náà, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo dúdú tí o rí kò ju omi ọpọlọ tí ó wà nínú poro Sylvius lọ. Inú ni kí o ti máa bọ̀ wá síta. Mú àwòrán tí wọ́n gé ní ìbú ní agbedeméjì ọpọlọ, níbi tí yàrá omi méjèèjì ti hàn níwájú. Láti àárín, máa bọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́: ìwọ yóò bá thalamus, ẹran eérú tí ó wà nítòsí àárín, lẹ́yìn náà ìlà funfun tí ó tẹ̀ tí a ń pè ní «capsule interne», lẹ́yìn náà ẹran eérú ńlá tí putamen jẹ́ apá òde rẹ̀. Tí o bá ti mú putamen dání, ó kù díẹ̀. Láàárín putamen àti ínsúlà, ìpele tín-ín-rín mẹ́ta péré ni ó wà: funfun tí í ṣe «capsule externe», eérú tí kò ju fọ́nrán lọ tí í ṣe claustrum, àti funfun mìíràn tí í ṣe «capsule extrême». Lórí IRM, àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ òòfà yà, ìwọ yóò rí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀rọ náà bá dára. Lórí skánà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń dàpọ̀ di ìlà kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Ìlà eérú tí ó bá kàn lẹ́yìn wọn, kí o tó bọ́ sínú omi, ni ínsúlà.

Ní ti ibi tí ó parí sí, ohun tí ọ̀gá wa sọ nípa ìṣẹ́po ni kí o fi ṣiṣẹ́. Tẹ̀ lé ìlà eérú náà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń bá putamen rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí ínsúlà ni o wà. Níbi tí ó bá ti yí orí padà lójijì tí ó kọjú sí òde, o ti dé poro àyíká, láti ibẹ̀ lọ inú ìdérí ni. Nínú àwòrán tí wọ́n gé ní ìbú, ìyípadà iwájú àti ti ẹ̀yìn nìkan ni ó lè hàn sí ọ. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro fún ọ láti mọ ààlà ínsúlà àti ìpín ẹ̀bátí nínú èyí tí wọ́n fi hàn yín, nítorí ààlà yẹn wà nísàlẹ̀. Sọ fún olùkọ́ yín kí ó fi àwòrán tí wọ́n gé láti etí dé etí hàn yín. Nínú ìyẹn, ínsúlà yóò dúró lóòró, ìyípadà òkè yóò jẹ́ poro òkè, ìyípadà ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ poro ìsàlẹ̀, ìwọ yóò sì rí ìpín ẹ̀bátí nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ funfun kan so ó mọ́ ara ọpọlọ. Ẹsẹ̀ funfun yẹn kì í ṣe ínsúlà, ó sì ṣe pàtàkì. Dókítà kan yóò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ó bá ń ka èyí.

Kí n tó lọ, ìwọ tí o ń kọ́ ìtọ́jú aláìsàn yóò nílò èyí ju orúkọ lọ. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù wá, ínsúlà wà lára ibi tí a kọ́kọ́ ń wò. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ àárín ọpọlọ bá dí, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eérú ínsúlà àti funfun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ á pòórá ní ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì hàn kedere. Ọdún 1990 ni wọ́n ti kọ nípa àmì yìí. Ínsúlà jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ tí ó lè ti ọ̀dọ̀ iṣan iwájú tàbí ti ẹ̀yìn wá ràn án lọ́wọ́, nítorí náà ó tètè máa ń jìyà. Nínú ètò ASPECTS tí a fi ń díwọ̀n rọpárọsẹ̀ lórí skánà, agbègbè 10 ni a ń kà, ínsúlà nìkan sì ni odindi agbègbè kan nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ojú èèpo ọpọlọ.

Ọmọ Kétu:

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, Ọlọ́run yóò máa fún yín ní okun. Ọ̀rọ̀ ìyípadà yẹn ti là mí lójú. Mo fi han ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìṣègùn ní Kútọnu, òun sì ní ebè méje ni wọ́n kọ́ àwọn, kì í ṣe márùn-ún. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹ dákun, kí ni ó tilẹ̀ fà á tí apá ọpọlọ kan fi ní láti fara pamọ́ báyìí?

Dókítà Ọmọ Ṣábẹ dáhùn:

Mo kí ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ti ṣáájú. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, kò sí ẹni tí ó purọ́. Márùn-ún ni àwọn tí a lè máa retí: kúkúrú mẹ́ta, gígùn méjì. Àwọn tí ó ń ka méje ti fi ebè kékeré méjì kún un, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá níwájú, nítòsí ìdérí òkè ẹyinjú, wọ́n ń pè wọ́n ní «gyrus accessoire» àti «gyrus transverse». Nínú ọpọlọ ẹlòmíràn wọ́n hàn dáadáa, nínú ti ẹlòmíràn wọn kò hàn. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá Anátómì, mo fẹ́ fi èyí kún ọ̀rọ̀ yín pé ebè kúkúrú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dọ́gba. Èyí tí ó wà láàárín sábà máa ń kéré, ìgbà mìíràn sì wà tí kò dé òkè rárá, débi pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka méjì, yóò sì gbà pé ojú òun ni kò ríran. Poro àárín ínsúlà ni kí ó fi ọkàn tán jù, nítorí òun ni kì í sábà sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀dọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí pé tí a bá yọ wọ́n kúrò, a kò lè mọ ìdí tí àwọn poro wọ̀nyí fi ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ abẹ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àárín ọpọlọ ni ó ni gbogbo àdúgbò yìí. Ìpele rẹ̀ kìn-ín-ní, M1, ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá dé limen. Ní limen ni ó ti tẹ̀, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sì gun orí ínsúlà. Ìwọ̀nyí ni M2. Wọ́n ń tọ poro àárín àwọn ebè lọ títí wọn yóò fi kan poro òkè tàbí poro ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ wọn kò lè gba inú ògiri kọjá, wọ́n ní láti ṣẹ́rí padà, kí wọ́n sì gba ojú inú ìdérí bọ́ síta. Ìyẹn ni M3. Nígbà tí wọ́n bá yọ sí ojú òde ọpọlọ, wọ́n di M4. Ṣé ẹ rí i pé poro àyíká kan náà tí èèpo ọpọlọ ti ṣẹ́ po ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ti yí padà? Nínú àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀, a lè fi ibi tí àwọn iṣan ti ń yí padà wọ̀nyí mọ ibi tí poro òkè wà láìrí ọpọlọ fúnra rẹ̀.

Ewu rẹ̀ nìyí. Láti ara M2, iṣan tín-ín-rín púpọ̀ ń wọ inú ínsúlà. Èyí tí ó pọ̀ jù kò kọjá èèpo àti «capsule extrême», ṣùgbọ́n àwọn gígùn kan wà, ní apá ẹ̀yìn lókè ní pàtàkì, tí wọ́n lọ jìn dé ibi tí okùn tí ń darí apá àti ẹsẹ̀ ti ń kọjá. Bí a bá gé ọ̀kan nínú wọn, aláìsàn lè jí tí apá kan ara rẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí mìíràn tún wà tí igun ẹ̀yìn lókè yẹn fi lẹ́rù: putamen kò nà dé ibẹ̀ láti dá ààbò bo «capsule interne». Ní ìsàlẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó bá ti poro ìsàlẹ̀ wọlé ti wọ inú ẹsẹ̀ funfun tí ayàwòrán wa mẹ́nu bà, inú ẹsẹ̀ yẹn sì ni apá kan lára okùn ìríran ti ń kọjá. Ní iwájú, M1 ń fún putamen àti àwọn ará ilé rẹ̀ ní iṣan kéékèèké kí ó tó dé limen, àwọn wọ̀nyí sì ni oníṣẹ́ abẹ máa ń ṣọ́ jù nígbà tí ó bá ń yọ kókó tí ó hù sínú ínsúlà.

Iṣẹ́ tí ínsúlà ń ṣe kì í ṣe ohun tí o béèrè, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní Montréal, Penfield àti Faulk tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1955 nípa àwọn aláìsàn wárápá tí ojú wọn là nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Nígbà tí iná mànàmáná díẹ̀ bá kan ínsúlà, àwọn aláìsàn ń sọ nípa inú tí ń rú, nípa adùn tàbí ìkorò lẹ́nu, nípa nǹkan tí ń rìn lára wọn. Títí dòní, ẹni tí wárápá rẹ̀ bá ti ínsúlà bẹ̀rẹ̀ lè kọ́kọ́ sọ pé nǹkan fún òun lọ́rùn tàbí pé ara ń ta òun, tí ojú rẹ̀ á sì là sílẹ̀. Nítorí pé ibẹ̀ fara pamọ́, ọ̀pọ̀ irú wárápá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ti ìpín ẹ̀bátí.

Agbẹ̀bí:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un ní ti ìfarapamọ́, nítorí pé àwa máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe ékó, ìyẹn àwòrán ọmọ inú, fún aboyún. Nígbà tí oyún bá wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, ínsúlà ọmọ náà kò tíì fara pamọ́. Àfonífojì kan tí ó tẹ́jú ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, bí oyún sì ti ń dàgbà ni àwọn etí àfonífojì náà ń yọ wá bò ó. Ẹni tí ń ṣe ékó máa ń wo bí wọ́n ti pa dé sí, ó sì wà lára ohun tí ó fi ń mọ̀ bóyá ọpọlọ ń dàgbà bí ó ti yẹ. Bí àlàfo náà bá ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí oyún ti gbó, wọ́n á ní kí ìyá náà lọ ṣe àyẹ̀wò síwájú sí i. Àwọn ọ̀gá ni yóò sọ ohun tí ó fà á.

Olùkọ́ Anátómì, Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun, ìyá wa, ẹ ti sọ ìdajì rẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé ínsúlà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ kì í dàgbà ní ìwọ̀n kan náà. Ínsúlà dúró lé orí putamen àti àwọn ẹran tí ó wà nínú, kò sì fẹ̀ tó àwọn ìpín tí ó yí i ká. Ìpín iwájú orí, ti àtàrí àti ti ẹ̀bátí ń fẹ̀ gidigidi, wọn kò sì rí ààyè lọ nínú agbárí, wọ́n wá yọ etí wọn lé e lórí. Ínsúlà kò rìn wọlé, àwọn yòókù ni wọ́n wá bò ó. Etí iwájú, níhà ọ̀dọ̀ ihò ẹyinjú, ni ó máa ń pa dé kẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti bí ọmọ náà. Èkúté pẹ̀lú ní ínsúlà, àmọ́ ojú òde ọpọlọ rẹ̀ ni ó wà ní gbangba, nítorí pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò fẹ̀ débi tí wọn yóò fi bò ó. Ohun tí Dókítà sọ nípa ebè àárín tí kì í dé òkè, òótọ́ ni, mo gbà á.

Ọmọ Kétu:

Ó ti yé mi báyìí, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Wọ́n ti ṣèlérí pé wọn yóò gbé ọpọlọ gidi jáde fún wa ní TP tí ń bọ̀. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí mo lè ṣì mú ní ínsúlà nígbà tí mo bá ń ya ìdérí ẹ̀bátí sísàlẹ̀?

Olùkọ́ Anátómì, Àjàṣẹ́:

Ó wà. Bí o bá fa ìdérí ẹ̀bátí sísàlẹ̀, òrùlé rẹ̀ yóò hàn sí ọ, ìyẹn ojú rẹ̀ tí ó ti kọ sí òkè látẹ̀yìnwá. Lórí òrùlé yìí, sẹ́yìn, ebè kan wà tí ó dá bùú, nígbà mìíràn méjì, tí ó ti ọ̀dọ̀ ínsúlà bọ̀ wá sí ìta. Ebè Heschl ni wọ́n ń pè é, òun ni èèpo ọpọlọ tí ó kọ́kọ́ ń gba ohun tí etí gbọ́. Ó súnmọ́ ebè gígùn ínsúlà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń kà á mọ́ ọn, pàápàá bí ọpọlọ bá ti pẹ́ nínú oògùn tí gbogbo rẹ̀ sì ti di àwọ̀ kan. Fi orí abẹ́rẹ́ tí kò mú tọ ebè náà wọlé láti òde. Bí abẹ́rẹ́ rẹ bá bọ́ sínú kòtò kan kí o tó kan ínsúlà, poro ìsàlẹ̀ ni kòtò yẹn, ebè tí o ń tọ̀ sì jẹ́ ti ìpín ẹ̀bátí. Ebè gígùn ti ínsúlà ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ síwájú sí ọ̀nà limen, kì í bọ́ sí ìta. Bí o bá wá fẹ́ mọ èyí tí ó wà níwájú nínú ebè gígùn méjèèjì, wá poro àárín ná. Èyí tí ó bá tẹ̀ lé e gbọọrọ lẹ́yìn ni.